Ìlú àwọn oṣó nínú ọ̀dàn: níbo ni wọ́n ti ń rí omi mu?

Ọmọ Tákìí:

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ìtàn àròsọ ni mò ń kọ, ó sì ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo dá ìlú kan sílẹ̀, ìlú àwọn oṣó àti àjẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé sú, tí wọ́n kó ẹrù, kó ọmọ, tí wọ́n lọ tẹ̀dó sínú ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún, láàárín Ìgbẹ́tì àti ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n tó 600. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Mo ti kọ orí mẹ́rin kí n tó fi han ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Kíṣì. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní igbó tí mo kọ síbẹ̀, tí ìrókò fún pọ̀ débi tí oòrùn ò fi rí ilẹ̀, igbó Oǹdó nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀ àwọn. Ó ní ṣé n ò dé ọ̀hún rí ni. Ká má parọ́, n ò kọjá Ìkòyí rí, ìnáwó ìgbéyàwó ló sì gbé mi débẹ̀.

Ẹ dákun, báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí? Kí ni wọ́n máa jẹ? Báwo ni wọ́n ṣe máa fara pamọ́? Ti idán ò ṣòro fún mi, ti ilẹ̀ ló ń dà mí láàmú.

Ọdẹ Oríire:

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sókè, bó o bá ṣe ń lọ ni igi ń jìnnà síra wọn. Igi òrí, irúgbá, àyàn, oṣè, ọ̀pọ̀ wọn ló dúdú nídìí nítorí iná ọdọọdún. N ò ní kò sí igbó o, àmọ́ etídò ló wà. Ibi tí omi ń gbà kọjá nìkan ni igi ti ń dì mọ́ra. Ìyókù, koríko ni.

Koríko yìí ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó ga ju ọkùnrin lọ. Èèyàn méjì lè máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n má rí ara wọn, òmùgọ̀ ni ọdẹ tó bá yìnbọn sí ohun tí kò rí. Nígbà yẹn, ìlú rẹ ti pamọ́, kò nílò idán kankan. Bó bá di oṣù kejìlá, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Àwa ọdẹ á kiná bọ̀ ọ́, darandaran á kiná bọ̀ ọ́ kí koríko tútù lè hù fún màlúù, ẹni tó ń sun oko á jẹ́ kí tiẹ̀ ràn. Bí iná bá ti kọjá, ilẹ̀ á dúdú, á tẹ́ lọ rẹrẹ. Àparò gan-an ò ríbi sá sí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èèyàn 600.

Èéfín ńkọ́? Nígbà òjò, bí wọ́n bá dáná lọ́sàn-án, èéfín á tú wọn fó. Ọdẹ tó bá wà lórí àpáta á rí i lókèèrè réré. Àmọ́ láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ibi gbogbo ló ń rú, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó dáná. Torí náà, òru ni kí wọ́n máa dáná nígbà òjò, ọ̀sán ni kí wọ́n máa dáná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yẹn, tó bá kà á débẹ̀, á mi orí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá ọdẹ. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ni mò ń kọ́ ní yunifásítì níbí, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Tákìí, àìrọ̀ òjò kọ́ ni wàhálà yín. Òjò agbègbè wa yìí máa ń lé ní 1,000 mìlímítà lọ́dún, kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní aṣálẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ló máa ń rọ̀ ọ́ tán, á tún sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi oṣù méje mu oṣù méjìlá.

Nísàlẹ̀, àpáta líle tó ti gbó ló tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ gbogbo wa. Àpáta yẹn kì í fa omi mu. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo orí rẹ̀ lomi ń dúró sí, àti inú ibi tí àpáta bá ti sán. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè gbẹ́ kànga kó kan omi, kí ilé kejì gbẹ́ tiẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó kan òkúta. Lándílọ́ọ̀dù mi gbẹ́ méjì. Ọ̀kan ń fún wa lómi, èkejì la ń da ìdọ̀tí sí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ tẹ ìlú yẹn dó, ẹsẹ̀ òkè àpáta ni mo máa tẹ̀ ẹ́ dó sí. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í rì, yíyọ̀ ló ń yọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ òkè ló sì ń gbà á. Kànga tó bá wà níbẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Orí àpáta náà máa ń ní kòtò tó ń gbomi dúró. Ẹ lọ wo Adó-Àwáyè lọ́nà Ìṣẹ́yìn: orí òkè gan-an ni adágún Ìyakẹ̀ wà. Àwọn ará ibẹ̀ ní ẹni tó bá jìn sí i, kì í padà wá. Mo rò pé òǹkọ̀wé máa mọ ohun tó lè fi ìyẹn ṣe.

Àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn máa ń gé kélekèle lẹ́ẹ̀rùn, á ku iyanrìn. Àmọ́ bí wọ́n bá gbẹ́ iyanrìn náà, omi á sun síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní idán nínú ìwé yín o, ọmọdé ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bàbá ọdẹ ní iná máa kó koríko lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ìgbà yẹn náà lọyẹ́ ń dé. Eruku tó ń dí wa nímú nínú oṣù kìíní, ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ibi tí adágún ńlá kan gbẹ sí láyé àtijọ́. Bó bá bolẹ̀ dáadáa, òkè tó wà níwájú ẹni á pòórá. Koríko lọ, ọyẹ́ dé. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò ò sì tíì rọ̀, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ìgbà yẹn gan-an ni ìhòòhò wọn hàn. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ ọ́, inú oṣù kẹta ni mo máa jẹ́ kí àṣírí tú.

Ìyá Láfún:

Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ omi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn wálé. Ta ló ń pọn ọ́n? Ká ní kẹ́ẹ̀gì lítà 20 kan ṣoṣo lẹnìkan ń lò lójúmọ́, láti mu, láti wẹ̀, láti sè. Kẹ́ẹ̀gì 600 nìyẹn kílẹ̀ tó ṣú. Ọmọ Tákìí, ìwọ tó o kọ orí mẹ́rin, ta lo fi ṣe apọnmi nínú wọn? Mo mọ̀ pé o ò kọ ọ́. Ọkùnrin ni ẹ́.

Bó o bá fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí lẹ́ẹ̀rùn, jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ sídìí kànga àdúgbò. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ọkọ tó lu ìyàwó, ẹni tó jẹ owó àjọ, ọmọ tó fẹ́ ya àgbàyà. Gbogbo ìpàdé táwọn oṣó rẹ ń ṣe lábẹ́ igi, ìdí kànga ni àwọn ìyàwó wọn ti máa gbọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lórí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi lo dá yẹn. Wọ́n lè jẹ láfún, àmọ́ kí o mọ̀ ọ́n sè. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí á fi rọ̀, kí a tó sá a. Rírẹ yẹn ń jẹ omi, wọn ò lè máa ṣe é lẹ́ẹ̀rùn bí omi bá ti wọ́n. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ló sì dáa jù láti sá a. Ṣé o rí ìjà tó wà níbẹ̀? Òpin oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni kí wọ́n rẹ ẹ́, nígbà tí omi ṣì wà tí oòrùn sì ti ń mú.

Orí àpáta la ń sá láfún sí. Gbogbo ẹni tó bá gba títì Ọ̀yọ́ kọjá ti rí i: funfun báláú lórí òkúta dúdú, o máa rí i láti ibi tó o wà títí dé Ìlọrin bí ojú rẹ bá dáa. Àwọn oṣó rẹ á fi àfẹ́ẹ̀rí bo ara wọn, wọ́n á fi bo ilé, láfún wọn á wà lórí àpáta tó ń ki ọdẹ Oríire káàárọ̀.

Ọdẹ Oríire:

Ìyá wa, ẹ ti pa mí. Àwa á kúkú jẹ ẹ́ ká tó bèèrè ẹni tó ni ín.

Onítẹ̀bọmi Òdodo:

N ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀ ní 1898, ibẹ̀ la ti wá ń kọ́lé fún oṣó? Kí ló dé tí ò lè jẹ́ ìlú àwọn onígbàgbọ́ ló sá lọ sínú ọ̀dàn?

Ìyá Láfún:

Díákónì ni bàbá tó bí mi. Láàárọ̀, wọ́n á ka Bíbélì fún wa. Lálẹ́, wọ́n á pa àlọ́ ìjàpá tó lọ jalè lóko àna rẹ̀. Kò sẹ́nìkan nínú wa tó tìtorí ẹ̀ di olè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ìwé rẹ̀.

Tíṣà Ọ̀yọ́:

Ọmọ Tákìí, o ò tíì sọ àsìkò tí ìtàn rẹ wáyé. Ó ṣe kókó. Bó bá jẹ́ ayé àwọn Aláàfin àtijọ́ ni, láfún tí ìyá wa ń sọ yìí ò ní sí níbẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti apá gúúsù ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀. Ọkà bàbà, iṣu, ẹ̀wà, ewé inú igbó, ẹran ìgbẹ́, ìwọ̀nyí ni kó o gbé kalẹ̀ fún wọn. Káṣù àti máńgòrò tí Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń yangàn lónìí náà, àlejò ni wọ́n.

Àmọ́ ohun tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ju ìyẹn lọ. Èrò rẹ pé àwọn ẹ̀dá abàmì kan ti gba orí òkè kan nínú ọ̀dàn yẹn, àwọn Ọ̀yọ́ ti lò ó rí. Wọn ò lò ó fún ìtàn. Òṣèlú ni wọ́n fi ṣe.

Ogun ló lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò nílé, wọ́n bá lọ ń gbé ní Ìgbòho. Aláàfin mẹ́rin ló jẹ níbẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. Nígbà tó kan Abípa, ó láwọn á padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọ́n ti dá oko síbẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ tún ahoro ṣe? Wọn ò lè kọ̀ sí ọba lẹ́nu, ni wọ́n bá dọ́gbọ́n. Gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kó abuké, àfín, arọ, aràrá àtàwọn mìíràn tí ìrísí wọn ṣàjèjì jọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ fara pamọ́ sórí òkè tí ààfin àtijọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba dé láti wá rúbọ kí wọ́n lè tún ibẹ̀ tẹ̀dó, lóru, wọ́n rí iná ògùṣọ̀ tó ń rìn káàkiri lórí òkè, wọ́n gbọ́ ohùn tó ń ké pé: "Kò sí àyè! Kò sí àyè!" Àwọn ìránṣẹ́ sáré padà lọ sọ fọ́ba pé iwin ti gba ilé.

Ẹnìkan tú àṣírí fún Abípa. Kò pariwo. Ó rán ọdẹ mẹ́fà tó láyà lọ, wọ́n yí òkè náà ká, wọ́n sì mú gbogbo iwin náà wálé láàyè. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Nísinsìnyí, wá wo ìtàn rẹ. Ká ní lóòótọ́ ni àwọn oṣó rẹ ti wà lórí òkè yẹn kí àwọn ayédèrú iwin tó dé ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ lóru tí arọ àti aràrá gun òkè tí wọ́n bá àwọn onílé pàdé? N ò gbà ju díẹ̀ nínú owó ìwé náà.

Ọmọ Tákìí:

Tíṣà! Ẹ ti ba oorun mi jẹ́. Mo ń padà bọ̀.

Ọmọ Ìsọ̀kun:

Bó bá jẹ́ ayé òde òní lo fẹ́ kọ, ìṣòro mìíràn wà. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Ìsọ̀kun, ní Ọ̀yọ́. Ọgbà yẹn fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń rìn ín. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìgalà wà níbẹ̀, ìjímèrè wà níbẹ̀. Ọdẹ tó bá wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́, wọ́n á mú un. Ibi tí ìjọba bá ti ní kẹ́nikẹ́ni má wọ̀, ẹni tó bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè gbádùn ara rẹ̀.

Bó o bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀rùn ni kó o lọ, ọ̀nà á ti gbẹ. Clapperton, òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ní Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826 ló débẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn náà ni. Wo àwọn igi oṣè dáadáa. Ní ọ̀dàn, ibi tí oṣè bá dúró sí lọ́pọ̀, béèrè ilé ẹni tó wà níbẹ̀ rí, torí igi yẹn fẹ́ràn ìtòsí èèyàn, ó sì ń pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ. Odi ilé á wó, amọ̀ á padà di ilẹ̀, oṣè á ṣì wà.

Aláwo Kékeré:

Lórí idán, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Oṣè àti apá ò gbọdọ̀ sọnù nínú ìwé náà. "Apá ò lè ká apá, apá ò lè ká oṣè." Ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí mọ̀ ọ́n. Igi apá náà kúkú ni àwọn èèyàn ní àwọn ẹlẹ́yẹ ń ṣèpàdé lé lórí, ó sì wà nínú ọ̀dàn. Ìrókò tó o kó síbẹ̀, fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ létídò, ó tó.

Má lọ yá ọ̀pá idán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àfẹ́ẹ̀rí wà, egbé wà, kánàkò wà. Ọ̀yọ́-Ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kìlómítà, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta fún ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tó ní kánàkò á ká ọ̀nà náà bí ẹní, á jẹun àárọ̀ lọ́hùn-ún, á ná ọjà ọ̀sán níbí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ìtàn, fún un léèwọ̀. Bí àpẹẹrẹ, kánàkò ò gbọdọ̀ ru omi. Ẹni tó bá gbé omi dání, ọ̀nà ò ní ká fún un. Nígbà náà, apọnmi tí ìyá wa ń bèèrè gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn bíi gbogbo ayé, bó ti wù kí oògùn pọ̀ tó nílé.

Ọ̀rọ̀ kejì: "oṣó" yẹn. Létí ọ̀pọ̀ èèyàn, apànìyàn ni oṣó. Bó o bá fẹ́ kí a fẹ́ràn wọn, wá orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ará ìta ló ń pè wọ́n lóṣó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀:

N ò fara mọ́ ìyẹn o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi oṣó sílẹ̀. Bí mo bá rí "oṣó" lẹ́yìn ìwé, mo ti rà á.

Ọmọ Tákìí:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Mo ti fa orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya. Ayé Abípa ni mo gbé e lọ, láfún ti jáde, ìyá wa ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ òkè ni ìlú wà báyìí. Oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ti lọ, òjò ò tíì dé. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

"Àkànkẹ́ nìkan ni kò ní oògùn kankan nínú ìlú náà, òun ni wọ́n sì ń rán lọ sódò. Ó ti gbẹ́ iyanrìn títí ó fi dé ìgbọ̀nwọ́ kí omi tó sun. Ó ń fi igbá bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò nígbà tó gbójú sókè, tó rí iná mẹ́fà tó ń rìn lórí òkè. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí iná ilé wọn nínú rẹ̀. Ló bá gbé ìkòkò karí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré."

Ọdẹ Oríire:

Ó dáa. Mo rí ilẹ̀ náà.

Tíṣà Ọ̀yọ́:

Iná mẹ́fà! Ọmọ yìí gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá Láfún:

Ìkòkò tó kún fómi, ó gbé e karí, ó ń sáré. Òṣùká rẹ̀ dà?